Acquire Àtijọ́: Ṣé Kásẹ́ẹ̀tì Kọ̀ǹpútà Ni Kí Ẹ Rà, àbí Páálí 3M?

Eré kan náà ni méjèèjì: eré orí pátákó ni Acquire, ẹ ó máa to táìlì kéékèèké láti fi dá òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, ẹ ó sì máa ra ìpín nínú wọn. Sid Sackson ló ṣe é. Ilé-iṣẹ́ 3M ní Amẹ́ríkà kó o sínú páálí lọ́dún 1964. Ilé-iṣẹ́ Avalon Hill gba àwọn eré 3M lọ́wọ́ wọn ní 1976, nígbà tó yá ló gbé Computer Acquire jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì fún àwọn kọ̀ǹpútà bíi TRS-80, Apple II àti PET.

Ibi tí kásẹ́ẹ̀tì ti borí ni ìṣirò. Bí òtẹ́ẹ̀lì méjì bá kanra lójú pátákó, èyí tó tóbi á gbé kékeré mì, owó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ jẹ́ ká ní òtẹ́ẹ̀lì Luxor tó ní táìlì méjì ni wọ́n gbé mì: $200 ni ìpín kan, ẹni tí ìpín rẹ̀ pọ̀ jù á gba $2,000, ẹni tó tẹ̀ lé e á gba $1,000. Lẹ́yìn ìyẹn, oníkálukú á tún sọ bóyá òun máa ta ìpín òun, òun máa dì í mú, àbí òun máa fi méjì gba ẹyọ kan. Nínú eré páálí, ẹni tó ń ṣe báńkì kì í sinmi. Kọ̀ǹpútà á ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó wá bírò. Ó sì lè bá ẹni tó dá wà nílé ta á.

Àmọ́ ta ló ṣì ní TRS-80 tó ń ṣiṣẹ́? Kásẹ́ẹ̀tì ń gbó. Tí fólúùmù rẹ́kọ́dà bá lọ sókè jù tàbí tó wálẹ̀ jù, eré náà kò ní wọlé, ẹ ó kàn jókòó ti ojú kọ̀ǹpútà tó dúdú ni. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á gbé e sẹ́rọ lójú yín, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá orúkọ ẹ̀rọ tiyín wà lára rẹ̀.

Páálí ni tèmi, bí a bá ti pé mẹ́ta. Táìlì mẹ́fà wà níwájú mi tí ẹnikẹ́ni ò rí, ẹni tó dókòwò sí òtẹ́ẹ̀lì Tower ń wojú mi bóyá èmi ni màá pa á pọ̀ mọ́ Imperial. Kọ̀ǹpútà kì í wojú èèyàn báyẹn.

Kẹ́ ẹ tó sanwó páálí, ẹ ka táìlì: 108 ni, láti 1A dé 12I. Ẹ ka káàdì ìpín náà, 25 fún òtẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, méjèèje.