Sílíńdà kékeré, agolo gáàsì, èédú àbí ààrò? Ohun ìdáná tó yẹ kí ẹ rà kí ẹ tó lọ sùn lórí òkè

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sùn nínú àgọ́ fún òru méjì lórí àpáta Ògìdì ní Ìjùmú tàbí létí odò Ọya ní Lọ́kọ́ja, ní ìpínlẹ̀ Kogí, sábà máa ń kọ́kọ́ ra ìkòkò. Iná ló yẹ kó kọ́kọ́ rà. Iná tí ẹ bá mú dání ló máa pinnu ìkòkò tó lè dúró lé e, oúnjẹ tó ṣeé sè, àti ẹrù tí orí máa rù. Ìfiwéra yìí wà fún ènìyàn mẹ́rin, òru méjì. Ẹ fi kún un tàbí kí ẹ yọ níbẹ̀ bí ẹ bá ṣe pọ̀ tó.

Ẹ má jẹ́ kí òǹtajà fi gíga òkè dẹ́rù bà yín. Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja ò ju nǹkan bíi mítà 458 lọ, omi sì ń hó níbẹ̀ ní nǹkan bíi 98.5 dípò 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìrẹsì ò ní mọ ìyàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì ni ìṣòro gidi, torí ó lè sọ gáàsì ọjọ́ méjì di ti ọjọ́ kan.

| Iná | Ìwúwo | Lítà omi kan á hó láàárín | Ohun tó ń fa wàhálà |
|---|---|---|---|
| Sítóòfù báàgì pẹ̀lú agolo kan | bíi kílò 2 | ìṣẹ́jú 5 sí 6 | afẹ́fẹ́. Agolo tó gbóná jù |
| Sílíńdà kílò 3 tó kún | bíi kílò 7 sí 8 | ìṣẹ́jú 5 sí 6 | ó ga, ó lè ṣubú |
| Sítóòfù kẹrosíìnì | kílò 2 sí 3, láìka epo | ìṣẹ́jú 8 sí 10 | epo dídà, òórùn, èéfín |
| Sítóòfù èédú | kílò 2 sí 4, láìka èédú | ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́yìn tó bá ti ràn | ó ń pẹ́ kó tó ràn; ó léwu nínú àgọ́ |

Ibi tí afẹ́fẹ́ ò sí la ti wọn àkókò wọ̀nyí, ìkòkò sì ní ọmọrí. Ṣíṣí ìkòkò sílẹ̀ nìkan tó láti jẹ́ kó pẹ́ sí i gan-an.

Sítóòfù báàgì

Èyí ni sítóòfù pẹlẹbẹ tó ń wà nínú àpótí oníke, tí wọ́n ń ti agolo gáàsì gígùn bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Agolo kan máa ń gba gíráàmù 220 sí 227. Bí iná bá wà lókè pátápátá, agolo náà ò ní ju nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀ lọ. Láti hó lítà omi kan, ó ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 15 níbi tó parọ́rọ́. Ẹ ka agolo kan fún ọjọ́ kan, kí ẹ sì mú ọ̀kan lé e nígbà ọyẹ́.

Kí ẹ tó ti agolo bọ̀ ọ́, ẹ wo etí rẹ̀. Ibì kan wà tí wọ́n gé wọnú. Ibi gígé yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sókè, kó sì bá ìkọ́ kékeré inú sítóòfù mu. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú agolo tó tẹ̀ sí apá ibẹ̀. Bó bá wà lókè, oru gáàsì ló ń fà. Bí ẹ bá yí i sísàlẹ̀, gáàsì olómi ló máa tú wá, iná á sì bú sókè lójijì. Bí agolo bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ má fipá tì í. Ẹ yí i díẹ̀ títí ìkọ́ á fi bọ́ sáàyè rẹ̀.

Ìkòkò tó fẹ̀ débi tó bo ilé agolo ló ń fa ìjàǹbá jù. Ooru abẹ́ rẹ̀ á padà sórí agolo, agolo á gbóná, á sì bú. Nítorí náà, ẹ má kọjá ìkòkò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 24, ẹ má gbé páànù gígùn kan lé sítóòfù méjì, ẹ má sì fi páànù yí gbogbo ara sítóòfù ká torí afẹ́fẹ́. Apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá nìkan ni kí ẹ dí. Bí ẹ bá fọwọ́ kan agolo nígbà tó ń jó, ó yẹ kó tutù. Bó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ pa iná kíá. Ẹ má sì fi agolo sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa.

Bọ́nà kékeré tí wọ́n ń yí mọ́ orí agolo ròbòtò fúyẹ́ ju gbogbo èyí lọ. Òmíràn ò tó gíráàmù 100. Ṣùgbọ́n agolo rẹ̀ ò wọ́pọ̀ rárá. Ẹ má rà á àfi bí ẹ bá ti mọ ibi tí ẹ ti máa rí agolo náà rà, torí agolo gígùn ò lè wọ̀ ọ́.

Sílíńdà kílò 3

Bí mọ́tò bá máa gbé yín débi tí ẹ ń sùn, èyí ni kí ẹ rà, àwa ò sì ní ṣe iyèméjì lórí rẹ̀. Ẹ lè rọ gáàsì sí i ní Kàbà tàbí Lọ́kọ́ja, ó máa gbé ènìyàn mẹ́rin ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ó sì máa ń gbani sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ tí gáàsì ńlá bá tán.

Ẹ ka irin ọrùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Lẹ́tà TW níbẹ̀ ni ìwúwo rẹ̀ lófìfo. Bí TW bá jẹ́ 4.2, lẹ́yìn tí wọ́n bá rọ kílò 3 sí i, òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ ka 7.2, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ. Ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe é, kí ẹ sì dojú rẹ̀ dé láti wo ìdí. Ìdí ló kọ́kọ́ máa ń dípẹtà, torí ibẹ̀ ni omi ń dúró sí. Èyí tó bá ti ń ṣí ìpẹ́pẹ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rà nítorí pé kò wọ́n.

Rọ́bà róbótó kékeré kan wà níbi tí bọ́nà àti sílíńdà ti pàdé. Rọ́bà yìí máa ń gbẹ, á sì sán, gáàsì á bẹ̀rẹ̀ sí jò. Ẹ ra méjì sí i, kò wọ́n. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí bọ́nà mọ́ ọn, ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa ọrùn rẹ̀ kí ẹ tó ṣáná. Bí ó bá ń hó, ẹ tú u, kí ẹ pààrọ̀ rọ́bà. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń bá lọ, ibi kòtò ló sì ń kóra jọ sí. Ẹ má tọ́jú sílíńdà sínú àgọ́ tí ẹ ń sùn.

Àléébù rẹ̀ ni gíga. Lórí àpáta tó dà gẹ̀rẹ́ bíi ti Ògìdì, ìkòkò lítà 5 tó kún lórí sílíńdà tẹ́ẹ́rẹ́ lè yí dànù pẹ̀lú ìgbápá kan. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, tàbí kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ kí ẹ ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ àmàlà ló sì lágbára jù níbẹ̀: ẹ má ro àmàlà lórí sílíńdà láéláé. Bí omi bá ti hó, ẹ pa iná, ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tó le, ẹ da èlùbọ́ sí i, kí ẹnì kan fi aṣọ di etí méjèèjì mú nígbà tí ẹnì kejì ń fi orógùn rò ó. Bó bá fẹ́ kí iná tún kan òun díẹ̀, ẹ gbé e padà fún ìṣẹ́jú méjì pẹ̀lú omi díẹ̀, ẹ má rò ó lórí ibẹ̀.

Bí iná bá di pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń kun ìdí ìkòkò ní dúdú, omi ìrẹsì tàbí ògì ló ti dí ojú bọ́nà. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ la àwọn ihò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kẹrosíìnì, èédú àti ààrò

A ò ní pẹ́ lórí kẹrosíìnì. Ó ń dà sínú mọ́tò, òórùn rẹ̀ ń wọ gaàrí, òwú rẹ̀ sì ń fẹ́ ìtọ́jú. Bó bá jẹ́ òun lẹ ní nílé, ẹ má bu epo sí i nígbà tó ṣì ń jó tàbí tó ṣì gbóná, ẹ má sì ra epo lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀, torí èyí tí wọ́n bá da bẹntiróòlù mọ́ lè gbiná mọ́ ènìyàn lọ́wọ́.

Èédú dára fún ohun kan tí gáàsì ò lè ṣe: iṣu sísun. Iyán la mọ̀ nílẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwọn Yorùbá Kogí, ṣùgbọ́n odó ò ṣeé gbé gun òkè. Iṣu tí wọ́n sun, tí wọ́n ha, tí wọ́n fi epo pupa jẹ, ló sún mọ́ ọn jù. Kílò 2 èédú tó fún alẹ́ kan. Yóò gbà tó ìṣẹ́jú 15 sí 20 kó tó ràn, nítorí náà ẹ dá a kí ebi tó dé. Ẹ má gbé e wọ inú àgọ́ torí òtútù ọyẹ́, kódà bí ó bá ti fẹ́ kú. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ ò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ààrò olókùúta mẹ́ta ò náni ní kọ́bọ̀, àfi ìsapá. Ẹ má mú òkúta láti inú odò, torí omi tó wà nínú rẹ̀ máa ń di oru, òkúta á sì bẹ́. Ẹ má dáná lórí àpáta gbalasa. Ó ń fọ́ ọ, ó sì ń bà á jẹ́. Igi tó ti kú tó sì ti gbẹ ni kí ẹ ṣẹ́. Igi àyìn ń jó dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan igi ẹ̀mí (igi òrí) tàbí igi igbá (igi irú) tó wà láàyè, ohun ìní ẹlòmíràn ni. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Ẹ ro koríko kúrò ní mítà 3 yíká, kí ẹ sì bu omi sí eérú, kí ẹ rò ó pọ̀ títí á fi tutù sọ́wọ́. Lóṣù ọyẹ́, tí pápá bá ti gbẹ ní Bùnú àti Ìjùmú, ẹ má tilẹ̀ dá a rárá. Gáàsì ni kí ẹ lò.

Ìkòkò

Fún ènìyàn mẹ́rin, ìkòkò lítà 4 kan àti kékeré lítà 1 àtààbọ̀ kan tó lè wọ inú rẹ̀ ti tó. Alumíníọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fúyẹ́, ó sì ń yára gbóná, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀, ìrẹsì sì ń jóná nínú rẹ̀. Onísitéènì le, kì í tẹ̀, ó wúwo jù ú lọ. Ẹ ra èyí tí ìdí rẹ̀ nípọn, torí ìdí tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gbóná sójú kan tí yóò sì jó oúnjẹ níbẹ̀. Ìkòkò tí àwọn alágbẹ̀dẹ dà láti ara àjákù alumíníọ́ọ̀mù mọ́tò le bí òkúta, ṣùgbọ́n òjé lè wà nínú àjákù bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ òun lẹ ní, ẹ má se tòmátì sínú rẹ̀ kí ẹ sì fi í sùn mọ́jú.

Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ wà fún gáàsì nìkan. Lórí igi tàbí èédú, ooru ń kọjá ohun tí ọ̀dà inú rẹ̀ lè gbà, á sì tú èéfín tó ń ṣeni léṣe. Ìkòkò tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ oníke máa yọ́ lórí ààrò. Ẹ wá èyí tí etí rẹ̀ jẹ́ irin, kí ọmọrí rẹ̀ sì dé pinpin. Bí ẹ bá fẹ́ lo ààrò, ẹ fi ọṣẹ pa ẹ̀yìn ìkòkò kó tó wọ iná. Dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣí pẹ̀lú kànìnkàn lásán.

Omi àti àwọn ohun kékèké

Kẹ́ẹ̀gì lítà 10 kì í já, àpò omi tó ń ká máa ń já lórí ẹ̀gún. Kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ mú, èyí tí epo ò tíì wọ̀ rí. Ó wúwo tó kílò 10 bó bá kún, nítorí náà bí odò bá wà nítòsí, ẹ mú òfìfo lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí omi odò hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Láítà méjì àti ìṣáná kan nínú ìgò tó dé pinpin, ọ̀bẹ kan tó ní àkọ̀, orógùn kúkúrú, abọ́ onítánganran fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fún ẹran, ẹ dì í kó le bí òkúta nílé, kí ẹ fi í sísàlẹ̀ kúlà, kí ẹ tó omi inú ọ̀rá tó ti dì sórí rẹ̀. Bí omi náà bá ṣe ń yọ́ lẹ máa mu ún, ṣùgbọ́n ẹ se ẹran lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ẹ má dá a dúró di ọjọ́ kejì.