Automation: Eré Kọ̀ǹpútà Tó Yẹ Kí Mẹkáníìkì Mọ̀

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ṣágámù. Toyota àti Nissan ló pọ̀ jù nínú èyí tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi. N kò ka eré orí kọ̀ǹpútà sí ohun tó kan iṣẹ́ mi rí, àfìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè, wá ṣọdún Iléyá lọ́dọ̀ wa. Ó gbé laptop rẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ńṣì iṣẹ́ mi, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi wo ẹ́ńjìnnì yìí, kò fẹ́ yí dé ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú kan.” Mo wò ó. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù ká tó dìde níbẹ̀.

Automation ni orúkọ eré náà. Camshaft Software ló ṣe é, orí Steam, ilé ìtajà eré lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ti ń tà á, láti 2015 ló sì ti wà níbẹ̀ bí ohun tí wọ́n ṣì ń ṣe lọ́wọ́. Kì í ṣe eré ìje o. Ọkọ̀ ni ẹ ó máa ṣe, láti ẹ́ńjìnnì dé táyà, ẹ ó sì yan ọdún tí ẹ fẹ́ ṣe é, láti 1946 títí dé 2020. Ọdún tí ẹ bá mú ló máa sọ ohun tí ẹ lè lò. Ẹni tó bá mú 1950, kábúrétọ̀ ni yóò fi fa epo. Injector tó ń fọ́n epo, turbo tó ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, àti àwọn nǹkan ìgbàlódé á máa yọjú bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún.

Ibi ẹ́ńjìnnì ni adùn rẹ̀ wà. Ẹ ó kọ́kọ́ yan bí sìlíńdà yóò ṣe tò: mẹ́rin lórí ìlà kan, V6, V8, V12, títí dórí V16, tàbí irú tó ń dùbúlẹ̀ bíi ti Subaru. Lẹ́yìn náà ni bore, ìyẹn fífẹ̀ ihò sìlíńdà, àti stroke, ìyẹn bí ọ̀nà tí písítìn ń gùn ṣe gùn tó. A fi 86 mílímítà sí méjèèjì, eré náà gbé 1,998 cc jáde. Mo mú bírò, mo ṣírò rẹ̀ fúnra mi, ó bára mu. 86 sí 86 náà ni ẹ́ńjìnnì 3S ti Toyota. Mo ti tú u, mo ti tò ó láìmọye ìgbà, n kò sì béèrè rí pé kí ló dé tí wọ́n fi yàn án bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọmọ náà hàn sí mi kíá. Kíráńkì, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, àti kọ́ńrọ́ọ̀dù tó so písítìn mọ́ ọn, èyí tí wọ́n kàn yọ́ irin dà sí mọ́ọ̀dù ló fi sínú rẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì yẹn bá yí ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú kan, písítìn á máa rin nǹkan bíi mítà 23 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá dé òkè, á dúró, á tún sáré padà wá sílẹ̀, kọ́ńrọ́ọ̀dù ló sì ń fojú winá gbogbo ìfàlọ fàbọ̀ yẹn. Mo wọ kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo mú kọ́ńrọ́ọ̀dù Camry kan jáde, èyí tó kán sí méjì tó sì lu ihò jáde lára bọ́lọ́ọ̀kù. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, mo pe àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Wọ́n wo irin, wọ́n wo àwọ̀ pupa tó ń kìlọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. A yan èyí tí wọ́n lù bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń lu irin. Pupa lọ, owó ẹ́ńjìnnì gòkè.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀kì ló wá dùn mọ́ mi jù. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, tí a bá ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ó túmọ̀ sí pé bẹ́rìn ti jẹ, kíráńkì ti bàjẹ́, kí ẹni tó ni ọkọ̀ lọ wá owó. Nínú eré yìí, nọ́ọ̀kì ni kí epo gbiná fúnra rẹ̀ nínú sìlíńdà kí iná plọ́ọ̀gì tó jó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A fi kọ́ńpírẹ́ṣàn, ìyẹn bí písítìn ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ tó, sí 11.5, a sì ní kó mu bẹntiróòlù octane 91 (octane ni bí epo ṣe lè kọ nọ́ọ̀kì tó), ó kọ̀ jálẹ̀. Ẹ lè dín kọ́ńpírẹ́ṣàn kù, ẹ lè jẹ́ kí iná plọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣá, ẹ sì lè fún un ní epo tó dáa jù. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, agbára ni yóò bù lọ tàbí owó. Ìgbà yẹn ni mo tó ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé ariwo ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ tí ọkọ̀ mìíràn máa ń pa tó bá gbẹ́rù gun òkè, òun nìyẹn. Ẹ má tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí ẹ kò bá tíì wo tímìn, ìyẹn àsìkò tí plọ́ọ̀gì ń ṣáná, àti epo tó ń mu.

Ọkọ̀ eré sísá tí a jọ ṣe, a sọ ọ́ ní Ẹlẹ́ṣin, nítorí Ojúde Ọba kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ sígbà náà. Ìjókòó méjì, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í. Turbo ńlá la kọ́kọ́ fún un, kò sì jí títí ẹ́ńjìnnì fi yí kọjá ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan. A pààrọ̀ rẹ̀ sí kékeré, ó tètè jí, ṣùgbọ́n ó ń fún un lọ́rùn lókè. Àárín la padà sí, ó fún wa ní agbára ẹṣin 240. Bó ṣe rí agbára tán ni ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ṣíwájú orí níbi kọ́nà. A fi fífẹ̀ táyà ẹ̀yìn sí mílímítà 225, iwájú wà ní 205, a mú ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ le sí i níwájú, ó gbọ́ràn. Àwòrán tí eré náà ń yà fún ìyẹn ṣe kedere ju bí mo ṣe lè fẹnu sọ ọ́.

Ti bọ́dì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín. Ẹ lè fa irin gùn, ẹ lè tẹ̀ ẹ́, kí ẹ lẹ iná mọ́ ibi tó wù yín. Tí ẹ bá fẹ́ wa ohun tí ẹ ṣe, ẹ ní láti ra BeamNG.drive ti àwọn ará Jámánì lọ́tọ̀, kí ẹ sì gbé ọkọ̀ náà lọ síbẹ̀. A gbé Ẹlẹ́ṣin lọ. Ní kọ́nà àkọ́kọ́ ni mo ti mọ iṣẹ́ tí táyà 225 yẹn ṣe.

Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ẹ́ńjìnnì dísù (diesel) nínú rẹ̀ rárá. Èmi tó jẹ́ pé ẹ̀bá oríta Ṣágámù ni mo ń gbé, níbi tí tírélà láti Èkó, Ìbàdàn àti Benin ti ń kọjá tọ̀sán-tòru! Ìdajì ohun tí mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ kò sí níbẹ̀. Apá tí ẹ ti ń dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, tí ẹ ń tajà fún àwọn ìlú bíi Gasmea àti Fruinia tí wọ́n fi orí ro, kò tíì wọ̀ mí lára. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ náà pọ̀, èmi ni mo ń túmọ̀. Laptop tí kò lágbára kò sì lè gbé e: tèmi gbóná débi pé ó kú mọ́ wa lójú lẹ́ẹ̀mejì, tiẹ̀ la fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó bá ní ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀, kó rà á. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú V12. Ẹ mú sìlíńdà mẹ́rin, lítà 1.6, láìsí turbo, ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ohun tó yí padà sílẹ̀. Ìwé tí ọmọ iṣẹ́ mi kékeré fi ń kọ tiwa ti dé ojú ewé kọkànlélógójì.