Kẹ̀kẹ́ Arọ ní Pápákọ̀ Òfuurufú: Bó Ṣe Gbé Èmi àti Bàbá Ìbejì Dé Mánsẹ́sítà

"Èmi, arọ? Kí wọ́n wá máa tì mí kiri bí ọmọlanke?"

Èsì tí Bàbá Ìbejì fún mi nìyẹn lọ́jọ́ tí mo ní kí a béèrè kẹ̀kẹ́ arọ fún ìrìn àjò wa. Orúkọ yẹn gan-an ló bí i nínú. Ká ní orúkọ mìíràn ni Yorùbá fún kẹ̀kẹ́ náà, bóyá kò ní janpata tó bẹ́ẹ̀. Nítorí àwọn ẹgbẹ́ wa tó ń ṣiyèméjì bíi tirẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí, ibi tó dùn àti ibi tó kan.

Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí a fẹ̀yìn tì, a kó wálé sí Abẹ́òkúta, sínú ilé tí a ti ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ìbejì ti wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kò bá wa wá. Ọ̀hún ni a bí wọn sí, ọ̀hún ni iṣẹ́ wọn wà: Táíwò ní Mánsẹ́sítà, Kẹ́hìndé ní Aberdeen. Ẹni tó bá bi mí pé kí ló dé tí a ò dúró tì wọ́n, mo máa ń sọ fún un pé òtútù ilẹ̀ yẹn ti wọ orúnkún mi tó. Nítorí náà àwa là ń lọ kí wọn. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn la lọ kẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi ni mo sì fi rìn ín nígbà yẹn.

Ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà mọ̀ pé iye tí owó náà jẹ́ nígbà tí a kó wálé ló ṣì jẹ́ dòní. Àwọn tó jókòó sọ́hùn-ún, wọ́n ń fi kún tiwọn lọ́dọọdún. Tiwa dúró gbagidi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó ń yà sí ìlú kan lọ́nà, torí ó dínwó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ibi tó yà sí ni wàhálà wà.

Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe ohun tí à ń sanwó fún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ló ní kí pápákọ̀ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gbé e. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ẹ sọ fún iléeṣẹ́ bàálù, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú. Kò dìgbà tí èèyàn bá yarọ. Ẹni tí kò lè rìn jìnnà náà wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo pè wọ́n, ọmọbìnrin tó gbé fóònù bi mí bóyá mo lè gun àtẹ̀gùn. Mo ní rárá. Ó béèrè ti Bàbá, mo ní òun lè gùn ún, ìrìn gígùn ni kò lè rìn. Àṣìṣe mi nìyẹn, mi ò sì mọ̀. Lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n máa ń kọ síwájú orúkọ èèyàn. WCHR ni ti ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn bàálù, tó lè dá rìn dé ìjókòó rẹ̀, àmọ́ tí ọ̀nà jíjìn ń dà láàmú. WCHS ni ti ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn. WCHC ni ti ẹni tí wọ́n ní láti gbé dé ìdí ìjókòó gan-an. Wọ́n kọ S fún mi, wọ́n kọ R fún Bàbá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi mọ́tò kó ẹrù lọ sí Èkó: láfún, ẹ̀lúbọ́, ìrẹsì ọ̀fadà, àti àdìrẹ tí mo rà ní Ìtòkú fún ìyàwó Kẹ́hìndé. (Ẹ má di ẹran tàbí pọ̀nmọ́ o, wọn kì í jẹ́ kó wọlé sọ́hùn-ún.) Àwa méjèèjì wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdó Wọlé Ṣóyínká ní Ládèrin, torí gìrìgìrì ọ̀nà Ṣángò kò bá orúnkún mi mu. A sọ̀ ní Agége, ó parí.

Ní pápákọ̀ Ìkẹjà, Bàbá ṣì ń fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó ń ṣe bí ọ̀dọ́. Ó wo ìlà àwọn tó fẹ́ wọlé. Ó tún un wò. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, kẹ̀kẹ́ tí o ní o bá mi gbà yẹn dà?" Mi ò sọ̀rọ̀, mo kàn nàka sí i. Láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà bàálù, a ò fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Mo ti ti kẹ̀kẹ́ arọ ní wọ́ọ̀dù ju iye tí mo lè kà lọ, nítorí náà mo lójú tí mo fi ń wo ẹni tó ń tì í. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á ti bíréèkì mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó àti kẹ́ ẹ tó dìde. Á wò ó bóyá ẹsẹ̀ yín wà lórí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Bó bá dé ibi tó dà gẹ̀rẹ́, ẹ̀yìn ni á fi sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ má bàa já ṣubú síwájú. Ọmọkùnrin tó tì mí ní Ìkẹjà ṣe gbogbo rẹ̀, ó sì ń pè mí ní "Mọ́mì" bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Nígbà tí bàálù balẹ̀ ní ìlú tí a ti fẹ́ pààrọ̀, kò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ọ̀ọ́kán ló dúró sí, wọ́n gbé àtẹ̀gùn tì í. Ẹni R, àtẹ̀gùn ni á bá sọ̀ kalẹ̀. Ẹni S, ọkọ̀ ńlá kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbéra sókè dé ẹnu ọ̀nà bàálù, òun ni wọ́n fi ń gbé e. Mo rí Bàbá tí wọ́n ń mú un lọ. Mo ń pè é, ó ń juwọ́ sí mi pé kò séwu. Pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ méjèèjì, ti Nàìjíríà àti ti Gẹ̀ẹ́sì, wà nínú báàgì ọwọ́ mi.

Ọkọ̀ tèmi pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí wọ́n sì gbé wa dénú ilé, wọ́n tò wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èmi àti àwọn àgbà mẹ́rin mìíràn, wọ́n ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá tì wá. Ẹnikẹ́ni ò wá. Ìyá Íńdíà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fi ọwọ́ júwe pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Mo wo aago, ìṣẹ́jú 50 ti lọ. Mo bá dìde, mo tú bíréèkì kẹ̀kẹ́ ìyá náà, mo sì ń tì í lọ. Kẹ̀kẹ́ ọ̀hún gan-an ni mo fi ṣe ọ̀pá. Obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ wọn sáré tẹ̀ lé wa, ó ní kò bófin mu kí n dìde. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé ó bófin mu kí ìyá àgbà tọ̀ sára?" Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ka ojú mi. Òun ló tì wá lọ ní àtìbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò la ti bá Bàbá. Ó jókòó, àwọn méjì dúró lé e lórí, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì Lọ́ńdọ̀nù ṣàlàyé fún wọn pé ìyàwó òun ló ni àpò tí pásípọ́ọ̀tù wà. Díẹ̀ ló kù kí bàálù kejì fi wá sílẹ̀.

Ní Mánsẹ́sítà ńkọ́? Obìnrin tó gbà mí níbẹ̀ kì í ṣe ọmọdé mọ́, ṣùgbọ́n kò ṣe ohunkóhun láìkọ́kọ́ sọ fún mi: mo fẹ́ dà yín sẹ́yìn díẹ̀, ibi gẹ̀rẹ́ ló kàn. Ẹ̀yìn ló fi sọ̀ kalẹ̀. Ó bi mí bóyá èmi àti bàbá yẹn jọ wá, ó sì dúró títí wọ́n fi tì í dé ọ̀dọ̀ wa.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni ojú Táíwò. Ó dúró lẹ́yìn irin, ó mú òdòdó lọ́wọ́, ó ń wá wa láàárín àwọn tó ń rìn bọ̀. Kò wo àwọn tó jókòó. Nígbà tó rí wa, ó kígbe. "Mọ́mì, kí ló ṣe yín? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?" Ọjọọjọ́ Àìkú la máa ń rí ara wa lórí fóònù, ṣùgbọ́n láti àyà sókè ni fóònù ń fi èèyàn hàn. Ọdún mẹ́ta ni kò fi rí orúnkún mi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó kúnlẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ fífún tí mo wọ̀ nínú bàálù, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ mi níbi tó wú, ó sì ń wo ojú ihò náà títí tó fi kún padà. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìyẹn nígbà tó wà ní kékeré. Kò sọ nǹkan kan, èmi náà ò sọ.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ètò kẹ̀kẹ́ náà lápapọ̀. Ibi tí a yà sí lọ́nà, ìràwọ̀ kan, ìyẹn náà torí pé ilé ìtọ̀ wọn mọ́. Bí ẹ bá jẹ́ tọkọtaya, kí olúkúlùkù mú pásípọ́ọ̀tù àti oògùn tirẹ̀ dání. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ jọ ń rìn ni, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Kí bàálù tó balẹ̀, ẹ lọ tọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ ló sábà máa ń kẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀. Ẹ sì ra ìbánigbófò, torí ẹni tó ti kó kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtọ́jú ilé ìwòsàn wọn kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún un bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́, ì báà ṣe pé òun ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún 31.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Táíwò ló pe iléeṣẹ́ bàálù fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ S fún àwa méjèèjì. Wọn ò tíì pe orúkọ wa tí Bàbá ti jókòó sínú kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, tó ń sọ fún bàbá Gáná kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó gbé ẹsẹ̀ lé irin, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àmọ́ ó gbàgbé ọ̀pá rẹ̀ sí àpò ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kan lọ́nà, ó sì ti ń ṣépè fún kẹ̀kẹ́ arọ láti ìgbà náà.