Corvette C8 tí mo rà ní iye tó wà lára gíláàsì ẹ̀, kò sí dọ́là kan lé e

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ iye tí mo san, torí òun ni gbogbo èèyàn ń bi mí. Chevrolet Corvette Stingray ti 2022 ni, mọ́tò eré tí wọ́n ń pe ìran kẹjọ ẹ̀ ní C8, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀ láti fáktírì sọ pé $79,000 ó lé díẹ̀, iye yẹn gan-an ni mo san, mo wá san táàsì ìjọba Texas àti owó nọ́ńbà, kò sí kọ́bọ̀ míì tó wọ àárín. Oṣù 14 ni mo fi dúró. Mo ń sọ ọ́ torí ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ní Houston níbí ló gbà pé kò ṣeé ṣe, wọ́n á ní iye tí dílà bá ti pè náà lèèyàn á kàn san.

Ohun tó jẹ́ kó le ni pé ọkọ̀ yìí dáa ju owó ẹ̀ lọ. Láti 1953 tí Chevrolet ti ń ta Corvette, iwájú ni ẹ́ńjìnì máa ń wà, ìgbà tó di C8 ti 2020 ni wọ́n gbé e sẹ́yìn awakọ̀ bíi ti Ferrari, V8 lítà 6.2, hóòsì páwà 495 pẹ̀lú Z51 (àwọn ohun èlò eré tí wọ́n ń fi kún un), láti ìdúró dé 60 máìlì kò pé sẹ́kọ́ndì 3, wọ́n wá fi $59,995 bẹ̀rẹ̀ ẹ̀! Lọ́dọ̀ àwọn ará Ítálì, ìlọ́po mẹ́ta owó yẹn ò tó o ra irú ẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ni àwọn òṣìṣẹ́ GM, iléeṣẹ́ tó ni Chevrolet, da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ogójì ọjọ́ ní 2019, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí kòrónà dé, wọ́n ti fáktírì, wọ́n ṣí i padà, ṣípù kọ̀ǹpútà tún wá ṣọ̀wọ́n bí ojú. Èèyàn pọ̀, mọ́tò ò pọ̀.

Òfin Amẹ́ríkà ti 1958 ló ní kí bébà iye owó máa wà lára gíláàsì gbogbo mọ́tò tuntun, ṣùgbọ́n òfin yẹn ò ní kí dílà tà á níye yẹn o, àbá lásán ni iye tí fáktírì kọ. Ní Texas, Chevrolet fúnra wọn ò sì lè tà á fún yín, ọwọ́ dílà lẹ gbọ́dọ̀ ti rà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ.

Dílà àkọ́kọ́ ò jìnnà sílé wa. Èmi àti Bàbá Tóbi la jọ lọ, èmi ni mo fẹ́ ra mọ́tò, owó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo ń fi òru ṣe ni mo fẹ́ fi rà á, ṣùgbọ́n Bàbá Tóbi ni ọkùnrin yẹn ń wò lójú ní gbogbo ìgbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ti lẹ bébà pupa kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti fáktírì, $25,000, wọ́n ní ọjà ló gbówó lórí. Mo ní kí ló wà nínú $25,000 yìí, ṣé ẹ fi nǹkan kún mọ́tò ni? Ó ní rárá, afẹ́fẹ́ nitrogen inú táyà àti nǹkan tí wọ́n fi pa ọ̀dà ara ẹ̀ làwọn fi kún un, ìyẹn sì ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀. Bàbá Tóbi ló kọ́kọ́ dìde. Mo gbé báàgì mi, mo tẹ̀ lé e.

Ìkejì ló dùn mí jù, torí mo gbà wọ́n gbọ́. Orí fóònù ni wọ́n ti sọ fún mi pé iye ara gíláàsì làwọn ń tà, kí n ṣáà san dépọ́síìtì $1,000 wá. Mo san. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, mo bèèrè nọ́ńbà ọ́dà, wọ́n ní ó ń bọ̀, mo ní kí wọ́n kọ iye owó sínú ímeèlì fún mi, wọ́n ní ṣé mi ò fọkàn tán àwọn ni. Ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn lára ni wọ́n tó jẹ́wọ́ pé ọkọ̀ méjì péré ló ń kan àwọn lọ́dún, àwọn tó sì wà níwájú mi lé ní ogún. Ẹ ṣírò ẹ̀, ọdún mẹ́wàá! Wọ́n dá owó mi padà, ṣùgbọ́n oṣù méjì mi ti lọ nìyẹn.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ allocation, ìyẹn iye ọkọ̀ tí Chevrolet ń pín fún dílà kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé dílà á kàn ní kí Chevrolet kó ogún wá, iye tí wọ́n ti tà sẹ́yìn ni wọ́n fi ń pín in fún wọn, torí náà dílà kékeré àdúgbò lè jẹ́ èèyàn dáadáa kó má sì rí ọkọ̀ fún yín láéláé. Àwọn tó ń ta Corvette rẹpẹtẹ lọ́dún ni kẹ́ ẹ wá kàn, ibi yòówù kí wọ́n wà. Mo rí ọ̀kan ní ìpínlẹ̀ míì. Ohun mẹ́ta ni mo bi ọkùnrin tó gbé fóònù: mélòó ni wọ́n fún yín lọ́dún tó kọjá, èèyàn mélòó ló wà níwájú mi, ṣé ẹ lè kọ iye owó ẹ̀ sílẹ̀. Ímeèlì ẹ̀ wọlé lọ́jọ́ yẹn gan-an, ìlà mẹ́ta péré, ó dáhùn gbogbo ẹ̀: iye ara gíláàsì, kò sí àfikún, ẹni 61 ni mí. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì.

Ìdúró yẹn le o. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń sọ ibi tí ọ́dà dé: 1100 túmọ̀ sí pé dílà ti kọ ọ́ sílẹ̀, 2000 pé GM ti gbà á, 3300 pé ó ti ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ṣe é, 3800 pé wọ́n ti ṣe é tán. Tí mo bá jókòó jẹun ní aago mẹ́ta òru níbi iṣẹ́, nọ́ńbà yẹn ni mo máa ń wò. Mo wà lórí 2000 nígbà tí ìjì ńlá jà ní Bowling Green ní Kentucky, December 2021, ó pa èèyàn, ó wó ilé, iná sọ lórí òrùlé fáktírì tí gbogbo Corvette ti ń jáde. Ọ̀rọ̀ mọ́tò tiẹ̀ kúrò lọ́kàn mi lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni mò ń rò. Ọkùnrin tó kọ ímeèlì yẹn pè mí fúnra ẹ̀, mi ò bèèrè o, ó ní ipò mi ò yẹ̀, kí n ní sùúrù.

March 2022 la lọ gbé e, ní mùsíọ́ọ̀mù Corvette tó wà nítòsí fáktírì yẹn, ibi tí ilẹ̀ ti là ní 2014 tó gbé Corvette mẹ́jọ mì. Inú ilé yẹn ni wọ́n páàkì ẹ̀ sí dè mí, wọ́n kọ orúkọ mi síwájú ẹ̀, orúkọ Yorùbá mi gígùn yẹn, wọn ò gbàgbé lẹ́tà kan. Mo sunkún, mi ò ní purọ́.

Mọ́tò náà ńkọ́? Títì la fi gbé e bọ̀ ní Houston, ó lé ní 800 máìlì, ẹ̀yìn ò sì dùn wá. Mi ò tẹ̀ ẹ́ gidi torí wọ́n ní ká rọra lò ó fún 500 máìlì àkọ́kọ́. Bọ́tìnnì AC tò gbọọrọ bí ìlẹ̀kẹ̀ láàárín ìjókòó méjèèjì, awakọ̀ ló kọjú sí, Bàbá Tóbi ní bí ẹni pé wọ́n fi ògiri pín yàrá. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni bọ́tìnnì tó ń gbé imú ẹ̀ sókè, ẹnu géètì wa ga, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ tí mo ní kó rántí, látìgbà yẹn tí mo bá ti ń sún mọ́lé á gbéra fúnra ẹ̀. Àléébù ẹ̀: ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá ń ríváàsì, bútù ẹ̀yìn sì máa ń gbóná torí ẹ́ńjìnì wà nítòsí, ẹ má gbé yìnyín síbẹ̀. Ẹni méjì ló ń gbà, àwọn ọmọ ń pín in láàárín ara wọn, Tóbi ló ni Saturday.

Dílà àkọ́kọ́ yẹn pè mí ní May, wọ́n ní àwọn á rà á lọ́wọ́ mi, àwọn á fi $15,000 lé iye tí mo rà á. Mo ní rárá. Ìràwọ̀ márùn-ún fún mọ́tò, márùn-ún fún ọkùnrin tó kọ ìlà mẹ́ta yẹn. Àbúrò mi ní Maryland náà wọ list ẹ̀ nígbà yẹn, Z06 ti 2023 ni tiẹ̀, Corvette tó lágbára ju tèmi lọ, èyí tí owó ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti $106,000 ó lé nígbà tó jáde. Ẹni 140 ni nígbà yẹn, òun náà sì lẹ ímeèlì tiẹ̀ mọ́ fíríìjì ẹ̀.