Ìbọn Afẹ́fẹ́: Onísípíríǹgì Tàbí Onítáńkì, Èwo Ni Kì Í Tàsé Lọ́nà Jíjìn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko àgbàdo ní Akúfọ̀ àti Mọníyà, tí ọ̀kẹ́rẹ́ àti ẹ̀gà ń dà láàmú, oríṣi ìbọn afẹ́fẹ́ méjì yìí lẹ máa bá pàdé. Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá o. Òfin Ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ìbọn.

Onísípíríǹgì

Ẹ ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, sípíríǹgì inú rẹ̀ á ká, ẹ ki ọta kan bọ̀ ọ́, ó parí. Ọta nìkan lẹ ó máa rà. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ara ìbọn máa ń ta sẹ́yìn, á tún fò síwájú, nígbà tí ọta ṣì wà nínú ọ̀pá. Bí ẹ bá dì í mú le lónìí, tí ẹ dẹ ọwọ́ lọ́la, ọta kò ní bọ́ sójú kan náà.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ní mítà 20, ọta márùn-ún kò fẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ. Ní mítà 45, wọ́n fọ́n ká lójú páálí Indomie bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìyẹ. Mo di nọ́ọ̀tì awò orí ìbọn, èyí tí a fi ń wo ibi tí a fẹ́ yìn, mo pààrọ̀ ọta, pàbó ló já sí. Àṣé ògiri búlọ́ọ̀kù tí mo gbé ìbọn lé ló ń tì í padà! Ìgbà tí mo ṣí àtẹ́lẹwọ́ òsì sílẹ̀, tí mo fi gbé e níbi tó ti dọ́gba, láì fún un, márààrún kó jọ sí ibi tí kò fẹ̀ ju ẹnu ife tíì lọ.

Ìbọn yìí ń fọ́ awò. Títa síwá-sẹ́yìn yẹn kì í jẹ́ kí awò ìbọn lásán pẹ́, nítorí náà ẹ béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún un.

Onítáńkì

Afẹ́fẹ́ ti wà nínú táńkì rẹ̀, bíi bar 200 (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ tí a fún mọ́ nǹkan). Kì í fi bẹ́ẹ̀ ta sẹ́yìn, ó sì ń fara da àṣìṣe ọwọ́. Ní mítà 50, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ afẹ́fẹ́ sí i? Fọkanáísà Ìwó Road kò lè ṣe é: bar méjì sí mẹ́ta ni táyà ọkọ̀ ń gbà. Ẹ gbọ́dọ̀ ra pọ́ọ̀ǹpù tiẹ̀, àágùn á sì bọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń dínkù, ọta tó ń kó jọ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn á wá máa yí awò. Ẹ wo gééjì kí ẹ tó fọwọ́ kan awò. Rọ́bà inú rẹ̀ náà a máa jò. Ẹ mọ ẹni tí yóò pààrọ̀ rẹ̀ fún yín ní Ìbàdàn kí ẹ tó ra á.

Ohun tó kan méjèèjì

Ọta ìbọn afẹ́fẹ́ fúyẹ́. Bí ó bá jáde ní mítà 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò ti já wálẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 30 kí ó tó dé mítà 50, atẹ́gùn ọyẹ́ á sì tún gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ń fi eré mítà 360 polówó fún yín, ẹ má dá a lóhùn: bí ọta bá ti sún mọ́ eré ohùn, tó jẹ́ bíi 340, ó ń gbọ̀n ni.

Ẹ wo inú awò, ẹ mi orí díẹ̀ láì mi ìbọn. Bí àgbélébùú inú rẹ̀ bá ń rìn lórí àmì, awò yẹn kò bá ọ̀nà yẹn mu. Ọ̀pọ̀ awò ìbọn ńlá ni wọ́n ti tò sí bíi mítà 91. Ẹ ra èyí tó ṣeé yí wálẹ̀ dé mítà 10.

Bí oko yín kò bá kọjá mítà 30, onísípíríǹgì tó. Bí ó bá lé ní 40, tí owó pọ́ọ̀ǹpù sì wà, ẹ mú onítáńkì.

Kí ẹ tó sanwó tán, ẹ gbé e lọ sóko níwájú òkìtì erùpẹ̀, ẹ yin ọta márùn-ún ní mítà 40. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ọdẹ kan tó mọwọ́ ìbọn kí òun náà yin márùn-ún. Bí tiẹ̀ náà bá fọ́n, ẹ dá ìbọn padà fún ẹni tó ń tà á.