Jíìgì orúnkún tí wẹ́dà kan ṣe fún mi n'Ílọrin: ọmọlangidi 12, gbogbo wọn fẹ́ máa rìn bí alákàn

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó ti dùn mí bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ Wẹ́síde ni, aago mẹ́jọ ti kọjá, iná ò sí, mo gbé ọmọlangidi àkọ́kọ́ kọ́ sórí ìkọ́, mo fa okùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kó lè gbé ẹsẹ̀ kan péré. Ojúgun rẹ̀ yà sápá òsì. Mo ní kò burú, okùn ló wọ́. Mo fa ti ọ̀tún, òun náà yà sápá òsì. Mo tún un fà, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, ńṣe ló ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn tó rí ẹni tó fẹ́ fi í se ọbẹ̀. Mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín o. Ìgbà tí mo rántí pé ẹsẹ̀ 24 ni mo ti fi jíìgì yẹn (irin tó ń gbá igi mú kí ihò lè gún) lu ihò sí láti àárọ̀, ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Ọmọlangidi olókùn ni mo ń ṣe, èyí tí wọ́n fi ń ṣeré fún àwọn ọmọ nílé ìwé àti níbi ọjọ́ ìbí. Ilé ìwé kan ló ní kí n ṣe 12, ọjọ́ 16 ló sì kù kí wọ́n gbà á lọ́jọ́ yẹn. Igi ọmọ̀ ni mo fi ń gbẹ́ ẹsẹ̀, igi táwọn onílù fi ń gbẹ́ ìlù, torí ó fúyẹ́, kì í sì í tètè là. Mo máa ń la ìsàlẹ̀ itan bí ẹnu, màá gbẹ́ orí ojúgun bí ahọ́n, ahọ́n á wọnú ẹnu, màá wá fi sípóòkì kẹ̀kẹ́ gún gbogbo ẹ̀ já. Sípóòkì yẹn, mìlímítà 2 ni, kò sí nǹkan tó dáa tó o. Màá wá bó ẹ̀yìn orúnkún díẹ̀ kó lè tẹ̀ sẹ́yìn nìkan, kó má tẹ̀ síwájú. Tí ihò sípóòkì bá dagun pẹ́nrẹ́n, ibi tó dagun sí ni ẹsẹ̀ máa gbà lọ, kò sí ohun téèyàn lè fi okùn ṣe sí i. Ìdí tí mo fi fẹ́ jíìgì nìyẹn, torí téèyàn bá ń fojú lu ihò 24, ọ̀nà 24 ni wọ́n máa kọjú sí.

Irinṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ ni mo ṣe fúnra mi. Pákó tí mo kan ìṣó sí ni mo fi ń wọn okùn, kí gbogbo ọmọlangidi lè ní okùn kan náà. Páìpù omi tí mo gé kúrú ni mo fi ń di bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì mú tí mo bá fẹ́ là á sí méjì fún ẹyinjú, bọ́ọ̀lù yẹn tóbi ní mìlímítà 40, ó sì máa ń yí bó ò bá dì í mú. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi wáyà gbígbóná gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì fún orí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró, èéfín rẹ̀ májèlé ni. Ọ̀bẹ tó mú dáadáa tó. Fóòmù funfun tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń fi wáyà gé, ìyẹn gan-an, ìta gbangba ni o.) Àmọ́ ti orúnkún, irin ló gbà, mi ò sì mọ irin jó.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Alájì nìyẹn, ìsàlẹ̀ Táíwò ni ṣọ́ọ̀bù wọn, mi ò ní dárúkọ wọn. Mo kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù, ọmọ iṣẹ́ ló gbé e. Mo ní "àbúrò, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣe jíìgì." Ó ní "Àǹtí, a ò kì í ta jígí níbí o, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gé gíláàsì." Mo ní kì í ṣe jígí, jíìgì ni. Ó ní "bẹ́ẹ̀ ni mà, jígí, a ò tà á." A ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí owó fóònù mi fi tán. Ó di dandan kí n gun ọ̀kadà láti Táńkẹ̀ lọ bá wọn.

Alájì gbọ́ mi yé kíákíá, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n mú ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i wò, wọ́n ní "irin tó máa gbá igi yìí mú, kí bíìtì dírílì má lè lọ síbòmíì." Mo ní òun gan-an nìyẹn, Alájì. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sálúbàtà wọn. Mo ní ẹ ò ní kọ ọ́ síwèé ni? Wọ́n ní "Ìyá ọmọlangidi, orí mi ni ìwé." A ò tíì sọ̀rọ̀ owó tán tẹ́nì kan fi ti kẹ̀kẹ́ Màrúwà gba orí ìwọ̀n yẹn kọjá. Ó yẹ kí n ti mọ̀ látìgbà yẹn.

18,000 náírà ni, mo san 10,000 sílẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dá, Túsìdeè ni mo rí i gbà. Irin áńgù méjì tí wọ́n jó pọ̀ ni, wọ́n wá jó nọ́ọ̀tì kékeré kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, inú nọ́ọ̀tì yẹn ni bíìtì máa gbà wọlé. Bíìtì mìlímítà 2 ń mì lọ́wọ́ mi nínú nọ́ọ̀tì yẹn bí eyín ọmọ ọdún méje. Mo rí i. Mo sì sọ ọ́. Wọ́n ní tí mo bá di dírílì mú dáadáa kò ní ṣe nǹkan kan, èmi náà sì gbà. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, pé mi ò lu ihò sí ẹyọ kan kí n dán an wò kí n tó lu ìyókù. Ìkánjú ni.

Láàárọ̀ Tọ́sìdeè mo gbé alákàn mi, ó di ṣọ́ọ̀bù. "Ìyá ọmọlangidi, ẹ káàbọ̀, ṣé àlàáfíà la jí?" Mi ò tiẹ̀ dáhùn, kí Ọlọ́run forí jì mí, wọ́n jù mí lọ dáadáa. Mo so ọmọlangidi kọ́ sára géètì tí wọ́n ń jó lọ́wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn.

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní "ó mọ ijó o."

Mo ní kì í ṣe ijó, Alájì, ọ̀nà ni mo ní kó rìn.

Wọ́n ní ọwọ́ mi ni, pé obìnrin kì í sábà di dírílì mú kó dúró. Háà! Mo gbé dírílì fún wọn, mo gbé igi fún wọn, mo ní ẹ̀yin ẹ lu ú. Wọ́n lu ú. Mo ki sípóòkì bọ̀ ọ́, mo gbé sukúwíà, irin tí wọ́n fi ń wò ó bóyá nǹkan gún, tì í. Láti ẹ̀gbẹ́ kan igi yẹn dé ìkejì, tí ò ju mìlímítà 25 lọ, sípóòkì ti rọ̀ wálẹ̀ ní mìlímítà 3. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Alájì ṣí fìlà, wọ́n tún un dé. Wọ́n ní "irin ló fà."

Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ní tí irin bá gbóná tó wá ń tutù, ńṣe ló máa ń súnkì, ibi tí wọ́n bá ti jó o ló sì máa fa ìyókù sí. Pé ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ fi iná tọ́ ọ díẹ̀ díẹ̀ lápá méjèèjì kó lè dúró, kó tó wá jó o tán, àmọ́ NEPA fẹ́ mú iná lọ lọ́jọ́ yẹn, àwọn bá jó apá kan tán lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ẹ mọ̀ pé ó máa ń fà bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní "ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń jó irin." Wàláhì, ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ká ní wọn ò mọ̀ ni, màá ti gbà fún Ọlọ́run.

Ibi tá a ti ń fa ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ ni mo gbọ́ "Àǹtí, ẹ wò ó." Ọmọ iṣẹ́ yẹn ni, oní jígí. Ó ti yọ sípóòkì ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó yí gbogbo ẹsẹ̀ náà padà kí iwájú rẹ̀ di ẹ̀yìn, ó sì ti dá a padà. Alájì pariwo mọ́ ọn, "ta ló ní kó o tú nǹkan oníbàárà?" Àmọ́ mo ti rí i. Ihò tó rọ̀ sápá òsì tẹ́lẹ̀ ti wá rọ̀ sápá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ òsì ń yà sósì, ti ọ̀tún ń yà sọ́tùn-ún, bíi ti bàbá arúgbó kan tó la ẹsẹ̀ níbi ìyàwó ọmọ rẹ̀. Wàhálà tó kù ni pé mo ti bó ẹ̀yìn orúnkún ti ẹyọ kan yẹn, ọ̀tún rẹ̀ wá ń tẹ̀ síwájú bí ẹsẹ̀ lékeléke. Àmọ́ 22 tó kù nílé, mi ò tíì bó ìkankan! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọmọ náà mọ́ra níwájú gbogbo ọjà. Wọ́n ní oṣù mẹ́rin péré ló tíì lò nídìí iṣẹ́.

Alájì náà rọ̀. Wọ́n ní àwọn máa tún jíìgì náà ṣe, àwọn ò ní gba kọ́bọ̀, wọn ò tiẹ̀ gba 8,000 tó kù títí tí mo fi rí jíìgì náà gbà. Wọ́n ní kí n wá lọ́la. Mo lọ lọ́la. Wọ́n ní ọ̀túnla. Ọjọ́ kan àsìkò Ásárì ti tó, ọjọ́ kan jẹnẹrétọ̀ ò dáhùn, ọjọ́ kan wọ́n lọ sìnkú ní Ọ̀ffà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, owó ọ̀kadà mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,000 yẹn.

Ìgbà tó wá jáde ṣá, ẹnu mi là. Wọn ò jó o pọ̀ mọ́, bóòtì ni wọ́n fi dì í, ihò bóòtì gùn díẹ̀ kí n lè sún un títí á fi gún. Dípò nọ́ọ̀tì, wọ́n gé éríà rédíò àtijọ́, èyí tó máa ń fà jáde ní ìpele ìpele, wọ́n mú ìpele tí bíìtì wọ̀ gẹ́lẹ́ láìmì. Ta ló máa ronú éríà! Mo gbẹ́ ẹsẹ̀ tuntun méjì fún alákàn, mo lu ú, mo gbé sukúwíà tì í, ó gún gbọnrangandan.

Àwọn ọmọ ilé ìwé wá gba ọmọlangidi. Àwọn 11 ẹlẹ́sẹ̀ lílà yẹn, tí mo yí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn padà bí ọmọ iṣẹ́ yẹn ṣe ṣe, wọ́n ń jà lé wọn lórí, wọ́n ń rín títí wọ́n fi ń dojú bolẹ̀. Ìyáàfin ọ̀gá ilé ìwé bi mí bóyá ijó kan ni mo kọ́ wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹyọ kan tí orúnkún rẹ̀ gún yẹn, kò sẹ́ni tó mú un. Ọmọ kan ní ó ń rìn bíi sọ́jà. Ó rán mi létí àwọn ère Èṣìẹ́ tí wọ́n kó wa lọ wò nígbà tí mo wà ní ilé ìwé l'Ómù-Àrán, èyí tó ju ẹgbẹ̀rún lọ nínú mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945. Púpọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n bóyá orúnkún wọn gún.

Jíìgì àkọ́kọ́, òdo. Jíìgì kejì, mi ò rí àléébù lára ẹ̀. Ìlérí ọjọ́, òdo, ká tiẹ̀ má sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́, 10 nínú 10. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, ìràwọ̀ 2 nínú 5, mi ò sì ní yí i padà.

Mo ti san 5,000 sílẹ̀ fún wọn lánàá fún jíìgì tí màá fi máa la ẹnu itan. Wọ́n ní kí n wá lọ́la.