Ọkọ̀ Oníná àbí Elépo fún Pápá Ìsáré: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Abẹ́òkúta Wò Kó Tó Sanwó

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná kò kúrò lẹ́nu wa mọ́ l'Abẹ́òkúta. Ti àwọn kan tiẹ̀ ti kọjá ọkọ̀ tí a fi ń lọ síbi iṣẹ́. Eré ni wọ́n fẹ́: kí wọ́n sanwó wọ pápá ìsáré, kí wọ́n tẹ ọkọ̀ dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, láìbá ẹnikẹ́ni du ipò kìíní. "Èwo ló yára jù?" ni wọ́n máa ń bèèrè. Èmi a ní kí wọ́n bèèrè èyí tí yóò ṣì máa sáré bákan náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20.

Abẹ́òkúta kò ní irú pápá bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ń wá a ní Áfíríkà, Kyalami nítòsí Johannesburg ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Nítorí náà, ẹni méjì ni mò ń bá sọ̀rọ̀: ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun, àti ẹni tó fẹ́ gbé e wálé, kó máa fi jáde ní Ìbarà àti Pánsẹ́kẹ́ títí ọjọ́ pápá yóò fi pé.

Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ gbé wò. Hyundai Ioniq 5 N jáde lọ́dún 2023. Bátìrì rẹ̀ gba 84 kWh (kWh ni ẹyọ iná tí à ń sanwó fún nílé), agbára rẹ̀ lè dé ẹṣin (horsepower) 641 fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì kan lórí sítíárì, ó sì wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 2,200. Tesla Model 3 Performance ti ọdún 2024 fúyẹ́ jù ú lọ, nǹkan bí 1,850. Toyota GR86 ni elépo àárín wọn: ẹ́ńjìnnì lítà 2.4, ẹṣin 228, ìwọ̀n nǹkan bí 1,270. Láti ìdúró dé 100 km/h, Ioniq ń lo ìṣẹ́jú-àáyá 3.4, Tesla 3.1, GR86 sì lé ní 6. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, kò sí ohun tí à ń fiwéra mọ́.

Àmọ́ ooru wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ọkọ̀ oníná mọ́lẹ̀ ṣáá, iná tó ń tú jáde á mú bátìrì gbóná, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á sì dín agbára kù kí bátìrì má baà bàjẹ́. Ẹsẹ̀ yín á wà nílẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ kò ní dáhùn mọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn lára Ioniq nìyí: ìyípo méjì ní Nürburgring, pápá ìsáré kan ní Jámánì, tí ìyípo kan rẹ̀ gùn tó 20.8 km, ni Hyundai ní àwọn ṣe é fún láìjẹ́ pé agbára rẹ̀ já. Ó ní ètò tó ń tu bátìrì lára kí ẹ tó wọ pápá. Tesla náà ní Track Mode tó ń mú ìtutù lágbára sí i. Toyota kò ní wàhálà bátìrì, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ máa wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lójoojúmọ́ tí ẹ bá lọ.

Bíréèkì ni àwọn olùrà kì í bèèrè, bẹ́ẹ̀ ẹ̀mí wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó wúwo tó 2,200 tó ń bọ̀ ní 200 km/h, ooru tí dídá a dúró ń mú wá kọjá kékeré. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C. Tó bá ti fa omi mọ́ra, ó lè hó ní 155°C. Tó bá hó, afẹ́fẹ́ á kún inú páìpù, pẹ́dàlì á wọlẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Ẹ má ra ọ́ìlì tí wọ́n ti ṣí lórí káńtà. Ẹ̀rọ iná tó ń yí táyà Ioniq fúnra rẹ̀ ń ṣèrànwọ́ púpọ̀ níbí: tí ẹ bá tẹ bíréèkì, á di jẹnẹrétọ̀, á dá iná padà sínú bátìrì, páàdì á sì sinmi díẹ̀. Síbẹ̀, táyà kò sinmi. Ìwúwo yẹn, orí táyà ló ń jókòó sí, táyà rẹ̀ sì wọ́n ju ti GR86 lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti iná, torí òun ni yóò pinnu fún ẹni tó fẹ́ gbé ọkọ̀ wálé. Ní pápá, oníná lè jẹ ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin iná tó ń jẹ lójú títì, kí eré ìṣẹ́jú 20 gbé bí ìdajì bátìrì lọ kì í ṣe nǹkan tuntun. Níbi tí ṣájà 350 kW bá wà, Ioniq ń ti 10% dé 80% ní ìṣẹ́jú 18. Nílé, lórí ṣájà 7 kW, ẹ fi wákàtí 12 sí i. Ẹni tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, lè ṣe é. Ní ₦225 fún ẹyọ kan, iye tí Band A fi bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 2024, bátìrì tó kún jẹ́ nǹkan bí ₦19,000. Táńkì lítà 50 ti GR86, tí lítà bá jẹ́ ₦1,000, ₦50,000 ni. Ẹni tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ni yóò fi máa ṣájì, mo bẹ̀ yín, ẹ ra elépo.

Ọjọ́ iwájú ń bọ̀ lóòótọ́. Nígbà tí Formula E, ìdíje eré ọkọ̀ oníná, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014, awakọ̀ ní láti fò sínú ọkọ̀ kejì láàárín eré torí bátìrì kò tó. Láti sáà tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kejìlá ọdún 2018, ọkọ̀ kan ṣoṣo ti ń parí rẹ̀. Wọ́n ti sá a ní Cape Town lọ́dún 2023. Porsche Taycan Turbo GT fi ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 7.55 yí Nürburgring po, ó sì fi ìṣẹ́jú-àáyá 26 yá ju Taycan Turbo S tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ìtẹ̀síwájú yẹn ló jẹ́ kí n sọ pé kí ẹni tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ má kánjú ra oníná fún pápá lónìí.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré, GR86 ni mo yàn fún un. Ó fúyẹ́, ó ní gíà ọwọ́, àṣìṣe rẹ̀ kò sì náni lówó púpọ̀. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n wà, tó sì ní iná tó dájú nílé, Ioniq ni. Mo fi Tesla sẹ́yìn wọn, ó yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi kò ní gbé e wọ pápá láìpààrọ̀ páàdì àti ọ́ìlì bíréèkì rẹ̀ ná.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ìlera bátìrì hàn yín lórí ẹ̀rọ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì bèèrè bóyá wáráńtì gba eré pápá. Ẹ̀yin tí ẹ ní ará ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀dínwó tàn yín: òfin kò gba ọkọ̀ tí sítíárì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọlé sí Nàìjíríà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀hún ni kó wà, kí ẹ máa lọ bá a níbẹ̀.